Ẹ Bi Wá: Nígbà tí Bíréèkì Oníná Ara Tírélà Kò Bá Mú

Lẹ́tà mẹ́rin ni a mú fún ìdáhùn lọ́tẹ̀ yìí, bíréèkì oníná ara tírélà sì ni gbogbo wọn dá lé. Kì í ṣe tírélà ńlá tí ó ń gbé kọ̀ǹténà jáde ní Apápá ni a ń sọ, nítorí afẹ́fẹ́ ni àwọn yẹn fi ń ṣiṣẹ́ bíréèkì. Èyí tí a ń sọ ni tírélà kékeré tí a ń so mọ́ ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù láti gbé ọkọ̀ tàbí ẹ̀rọ, irú èyí tí ó wọ́pọ̀ ní Amẹ́ríkà. Bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì, àpótí kékeré kan tí ó wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, tí wọ́n ń pè ní kọ̀ntírólà, á rán iná gba inú wáyà búlúù lọ sí mágínẹ́ẹ̀tì tí ó wà nínú dúrọ́ọ̀mù táyà kọ̀ọ̀kan. Mágínẹ́ẹ̀tì náà á lẹ̀ mọ́ ojú dúrọ́ọ̀mù tí ó ń yí, ìyípo dúrọ́ọ̀mù á wọ́ ọ, apá irin tí ó gbé mágínẹ́ẹ̀tì á sì ti láínì bíréèkì kí ó gbá dúrọ́ọ̀mù mú. Iná tí ó ṣe iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà padà sí bátìrì ọkọ̀, wáyà funfun tí àwọn ríwáyà wa ń pè ní eétì sì ni ọ̀nà ìpadà náà.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Ọkọ̀ ni mo ń rà ní ọjà gbàǹjo, tí mo sì ń fi tírélà gbé lọ sí èbúté, níbi tí wọ́n ti ń kó o lọ sí Èkó. Tírélà náà ní ásùlù méjì, àlòkù ni mo sì rà á. Gbogbo iná ẹ̀yìn rẹ̀ ń tàn dáadáa, kọ̀ntírólà sì ń fi hàn pé òun rí tírélà, ṣùgbọ́n bí mo bá tẹ bíréèkì, ọkọ̀ mi nìkan ni ó ń gbìyànjú láti dúró, tírélà á máa tì mí láti ẹ̀yìn. Mo ti pààrọ̀ kọ̀ntírólà, ibi pẹlẹbẹ náà ni ọ̀bẹ ń fi lélẹ̀. Ẹni tí ó wò ó kẹ́yìn ní kí n ra bíréèkì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní tuntun. Ṣé kí n rà á?
Òǹkàwé kan, Houston, Texas

ÌDÁHÙN: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì náwó sí bíréèkì kankan. Ohun méjì tí ẹ kà sí ẹ̀rí pé wáyà dára, ìyẹn iná ẹ̀yìn tí ó ń tàn àti kọ̀ntírólà tí ó ní òun rí tírélà, kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́rìí ohunkóhun. Bí iná bá ti lè gba ara mágínẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo kọjá, kọ̀ntírólà á sọ pé òun rí tírélà, kódà bí mẹ́ta yòókù bá ti kú. Ní ti iná ẹ̀yìn, ohun tí gílóòbù LED ń jẹ kéré gan-an, ó lè má tó ámpíà 1 lápapọ̀ (ámpíà ni ìwọ̀n bí iná tí ń ṣàn nínú wáyà ṣe pọ̀ tó). Mágínẹ́ẹ̀tì kan péré nínú bíréèkì oníǹṣì 10 tàbí 12 ń jẹ nǹkan bí ámpíà 3 bí fóòtì 12, ìyẹn agbára tí bátìrì fi ń ti iná, bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, èyí tí ó túmọ̀ sí ámpíà 12 fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ẹ ní.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀, nítorí inú ìṣirò yìí ni ìdáhùn yín wà. Ìdènà iná tí ó wà nínú mágínẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan jẹ́ nǹkan bí óòmù 4, ṣùgbọ́n nítorí pé ìkọ̀ọ̀kan wọn ló gba iná tirẹ̀ láti ara wáyà búlúù, tí kì í ṣe pé iná ń ti ara ọ̀kan bọ́ sí ara èkejì, ìdènà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pa pọ̀ kò ju óòmù 1 lọ. Ẹ wá jẹ́ kí a sọ pé ojú ìsopọ̀ kan lára wáyà funfun ti hu ẹ̀gbin aláwọ̀ ewé tí ó máa ń bo bàbà tí omi bá wọ̀, tí ẹ̀gbin náà sì fi óòmù 1 mìíràn kún un. Ámpíà 12 á di 6 lójú ẹsẹ̀. Nínú fóòtì 12 tí ó ti ọ̀dọ̀ bátìrì kúrò, 6 á ṣòfò sórí ojú ìsopọ̀ tí ó bàjẹ́ yẹn, 6 péré ni yóò sì kù fún mágínẹ́ẹ̀tì láti fi dá ẹrù dúró. Ṣùgbọ́n bí iná ẹ̀yìn tí ó ń jẹ ìdajì ámpíà bá gba ojú ìsopọ̀ kan náà kọjá, ìdajì fóòtì ni yóò pàdánù, kò sì sí ojú ènìyàn tí ó lè mọ ìyàtọ̀ rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ ti rí nìyí tí iná ẹ̀yìn fi ń tàn yọ̀ọ̀ tí bíréèkì kò fi mú.

Nítorí náà, mítà ni kí ẹ rà. Ẹ ra mítà ẹlẹ́nu tí a fi ń gbá wáyà mú láìgé e, kí ẹ sì rí i dájú pé ó lè wọn iná bátìrì, nítorí púpọ̀ nínú èyí tí ó pọ̀ lọ́jà jẹ́ ti iná ilé nìkan, òdo ni wọn yóò máa kà fún yín. Ẹ so tírélà mọ́ ọkọ̀, ẹ gbé agbára kọ̀ntírólà dé òkè pátápátá, ẹ fi mítà gbá wáyà búlúù mú ní ìtòsí púlọ́ọ̀gì tírélà, kí ẹnì kan wá tẹ ọwọ́ kékeré tí ó wà lára kọ̀ntírólà títí dé òpin. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ti tó láti ka mítà, torí mágínẹ́ẹ̀tì máa ń gbóná bí iná bá pẹ́ lára rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ wà lójú kan.

Bí mítà bá ka nǹkan bí ámpíà 12, a jẹ́ pé wáyà yín pé, inú dúrọ́ọ̀mù ni kí ẹ yẹ̀ wò: gíríìsì bíárínì tí ó ti ya sórí láínì, mágínẹ́ẹ̀tì tí ojú rẹ̀ ti jẹ, tàbí láínì tí wọn kò tíì fún mọ́ dúrọ́ọ̀mù láti ìgbà pípẹ́. Bí ó bá jẹ́ 9, mágínẹ́ẹ̀tì kan ni kò gba iná. Bí ó bá jẹ́ òdo, wáyà búlúù tàbí ọ̀nà ìpadà ti já níbì kan kí ó tó pín sí ásùlù. Bí ó bá sì ga ju 12 lọ fíìfíì, wáyà kan ń bríìjì mọ́ ara irin. Iye tí ó máa ń fa awuyewuye ni 6, nítorí ó lè jẹ́ ásùlù kan tí wáyà rẹ̀ já, ó sì lè jẹ́ ojú ìsopọ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣírò rẹ̀ yẹn. Ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ mú kí n fura sí èyí kejì, torí bí ásùlù kan bá ń mú dáadáa, ẹ ó ṣì mọ̀ ọ́n lára ọkọ̀.

Ọ̀nà láti mọ̀ ọ́n kò le. Ẹ yí mítà sí fóòtì, ẹ fi ẹnu kan rẹ̀ kan orí nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì ọkọ̀, kí ẹ sì fi ẹnu kejì kan wáyà eétì tí ó jáde lẹ́yìn mágínẹ́ẹ̀tì, nígbà tí ẹnì kan ṣì di ọwọ́ kọ̀ntírólà mú. Ẹ ó nílò wáyà gígùn kan láti fi dé ibẹ̀. Iye tí mítà bá kà ni iye tí ọ̀nà ìpadà ń jẹ mọ́ yín lọ́wọ́. Bí kò bá tó ìdajì fóòtì, kò burú, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ 2, 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọwọ́ ti ba olè náà. Ẹ máa fi ẹnu mítà sún síwájú láti ojú ìsopọ̀ kan dé èkejì, ẹ ó rí ibi tí iye náà ti já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ṣe pàtàkì kí iná máa lọ nínú wáyà nígbà tí ẹ bá ń wọ̀n ọ́n. Wáyà tí ó ti jẹ tán tí ó ku ẹyọ fọ́nrán kan ṣì lè ka fóòtì 12 fún yín bí nǹkan kan kò bá lò ó, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rọ omi tí ìdọ̀tí dí ọ̀nà rẹ̀ ṣe máa ń kún dé ẹnu tí kò sì ní lè pọn kèrègbè kan fúnni.

Nínú tírélà àlòkù, ibi tí mo kọ́kọ́ máa ń ní kí ènìyàn wò ni bóòtù kékeré tí wọ́n fi de wáyà funfun mọ́ irin tírélà ní iwájú, nítòsí ibi tí a ti ń so ó mọ́ ọkọ̀. Ẹ tú u. Bí ẹ bá rí i pé orí ọ̀dà ni wọ́n de òrùka wáyà mọ́, tàbí pé abẹ́ òrùka náà ti dógùn-ún, ẹ fi páálí iyanrìn ha irin náà títí yóò fi máa dán, ẹ fi òrùka tuntun sí wáyà, ẹ fi bóòtù tuntun dè é, kí ẹ sì fi gíríìsì bò ó lẹ́yìn tí ẹ bá ti dè é tán. Èyí tí ó tún dára ju bẹ́ẹ̀ lọ ni kí ẹ fa wáyà funfun láti púlọ́ọ̀gì dé ọ̀dọ̀ mágínẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, dípò kí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé irin tírélà láti gbé iná padà. Kí wáyà búlúù àti funfun náà má tín-ínrín ju géèjì 12 lọ (bí nọ́ńbà géèjì bá ṣe kéré sí ni wáyà ṣe ń nípọn sí i). Bí tírélà bá gùn, géèjì 10 ni mo fara mọ́. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé bọ́ọ̀lù tí tírélà jókòó lé láti ṣe eétì, torí gíríìsì ni a fi ń pa á. Ẹ má sì lo ike pupa tàbí búlúù tí ó ń gún wáyà lára láti fi so ó pọ̀: ibẹ̀ gan-an ni omi ti máa ń wọlé.

Ẹ kò béèrè nípa òfin, ṣùgbọ́n ó kàn yín. Ní Texas, tírélà tí ìwúwo òun àti ẹrù rẹ̀ bá ti kọjá pọ́n-ùn 4,500 gbọ́dọ̀ ní bíréèkì, àfi tí kò bá ní sáré ju máìlì 30 ní wákàtí kan lọ. Tírélà alásùlù méjì tí ó gbé ọkọ̀ kan sórí ti kọjá ìwọ̀n yẹn, a kì í sì í fi máìlì 30 rìn lórí òpópónà tí ó lọ sí èbúté. Bí bíréèkì kò bá tíì mú, ẹ jẹ́ kí tírélà náà jókòó sílé.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ ǹlẹ́ o. Bíréèkì tírélà mi ń mú dáadáa bí mo bá ń dán an wò ní iwájú ilé. Bí mo bá dé ojú ọ̀nà tí kò tẹ́jú, kọ̀ntírólà á ṣàdédé kọ SH, bíréèkì á já sílẹ̀, lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ á tún padà. Mo ti gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ó ń tún un ṣe, wọ́n ní àwọn kò rí nǹkan kan.
Òǹkàwé kan, Atlanta, Georgia

ÌDÁHÙN: Wọn kò rí nǹkan kan nítorí pé ojú kan ni tírélà wà nígbà tí wọ́n ń wò ó. Ohun tí SH ń sọ ni pé wáyà búlúù fara kan irin tàbí wáyà funfun, tí iná wá ń gba ọ̀nà àbùjá padà, kọ̀ntírólà sì pa ara rẹ̀ kí ó má baà jó. Bí gbígbọ̀n bá ń mú un wá tí ìdúró sì ń lé e lọ, inú ásùlù ni mo máa kọ́kọ́ wò. Ásùlù tírélà jẹ́ irin oníhò, ilé iṣẹ́ sì máa ń gba inú ihò yìí fa wáyà láti táyà ọ̀tún bọ́ sí táyà òsì. Wáyà náà kò ní ohun tí ó dì í mú nínú lọ́hùn-ún. Gbogbo ìgbà tí táyà bá ta lu kòtò ni ó ń jó lu irin, etí ihò tí ó gbà wọlé sì mú bí abẹ bí kò bá sí rọ́bà níbẹ̀. Bí ẹ bá fà á jáde, ẹ ó rí i pé ẹ̀gbẹ́ kan ara wáyà náà ti bó, bàbà inú rẹ̀ ń dán, àmì dúdú kékeré níbi tí iná ti ta pàrà sì wà lára irin tí ó kọjú sí i.

Kí ẹ tó fà á, ẹ jẹ́ kí mítà fi ásùlù tí ó bàjẹ́ hàn yín. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì kúrò lára ọkọ̀, ẹ yọ wáyà suíìṣì àjábọ́ tí ó wà ní iwájú tírélà (èyí tí ó ń mú bíréèkì ṣiṣẹ́ bí tírélà bá já kúrò lẹ́yìn ọkọ̀), kí ẹ sì tú mágínẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan kúrò lára wáyà búlúù. Àwọn kan kì í tú mágínẹ́ẹ̀tì, wọ́n á wá rí óòmù 1 lójú mítà, wọ́n á ní wáyà ń bríìjì, bẹ́ẹ̀ ìdènà mágínẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń kà. Nígbà tí ẹ bá ti tú gbogbo wọn, kò gbọdọ̀ sí ọ̀nà kankan láàárín búlúù àti irin. Ẹ fi ẹnu mítà kàn wọ́n, kí ẹnì kan máa fa wáyà, kí ó máa gbọ̀n ọ́n, kí ó sì máa fi òòlù onírọ́bà gbá ásùlù. Bí nọ́ńbà bá ṣẹ́jú lójú mítà nígbà tí ó gbá ásùlù ẹ̀yìn, ẹ ti mọ ibi tí ó wà.

Ẹ má fa wáyà tuntun gba inú ihò náà mọ́. Ẹ gbé e gba òkè ásùlù, ẹ wọ ọ̀pá rọ́bà fún un, kí ẹ sì fi okùn ike dè é ṣinṣin ní ibi púpọ̀, ṣùgbọ́n kí ó ní ìdẹ̀ra díẹ̀ ní ibi tí ásùlù ti ń lọ sókè sódò. Ẹ wo ẹ̀yìn táyà náà, nítorí wáyà kékeré méjì tí ó jáde láti ara mágínẹ́ẹ̀tì lè bọ́ kúrò nínú ìdè rẹ̀, kí ó sì máa fara kan dúrọ́ọ̀mù tí ó ń yí.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé mo lè fi ọkọ̀ mi fa tírélà oníbíréèkì iná tí wọ́n kó wá láti Amẹ́ríkà, níbí ní ìlú Ọba?
Òǹkàwé kan, London

ÌDÁHÙN: Bí ó ti wà yẹn, rárá. Bíréèkì tí tírélà ń ti ara rẹ̀ mú nígbà tí ó bá sún lu ọkọ̀ tí ó ń fà á ni ó wọ́pọ̀ ní Bìrìtìkó fún tírélà tí kò ju kílò 3,500 lọ, púlọ́ọ̀gì onípíìnì 13 tí ó wà lẹ́yìn ọkọ̀ yín kò sì ní píìnì kankan fún bíréèkì oníná. Ẹ ó kọ́kọ́ so kọ̀ntírólà àti wáyà tirẹ̀ mọ́ ọkọ̀ náà, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹni tí ó mọ òfin ojú pópó ibẹ̀ dáadáa yẹ tírélà náà wò kí ẹ tó gbé e jáde.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú làákàyè. Mo ra ẹ̀rọ amúnáwá tòkunbọ̀ kan tí ó wà lórí tírélà ẹlẹ́sẹ̀ méjì. Amẹ́ríkà ni ó ti wá. Hilux ni mo fi ń fà á lọ sí òde ìnáwó tí wọ́n bá ti háyà rẹ̀. Ríwáyà mi rí wáyà búlúù kan lára púlọ́ọ̀gì rẹ̀ tí kò já mọ́ ibì kan, ó sì so ó mọ́ wáyà iná bíréèkì ẹ̀yìn ọkọ̀ mi. Láti ìgbà náà, bí mo bá kàn fẹsẹ̀ kan bíréèkì báyìí, táyà tírélà á gan, á máa wọ́ lórí ọ̀dà, fíúsì ọkọ̀ mi sì ti jó. Nísinsìnyí, ó ń gan nígbà tí n kò tẹ bíréèkì pàápàá.
Òǹkàwé kan, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Ẹ jẹ́ kí ríwáyà yín tú ìsopọ̀ yẹn lónìí, kí ẹ tó tún gbé e jáde. Kì í ṣe pé kò mọṣẹ́. Ó mòye pé ti bíréèkì ni wáyà náà, ṣùgbọ́n ohun tí ó yẹ kí ó wà láàárín ni kò sí. Wáyà iná bíréèkì kò mọ ẹsẹ̀ tí ó rọra tẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pátápátá: fóòtì 12 ni ó ń rán ní gbogbo ìgbà. Iṣẹ́ kọ̀ntírólà ni láti bu iná náà ní ìwọ̀n, díẹ̀ nígbà tí ẹ bá rọra ń dúró, púpọ̀ nígbà tí ewu bá wà. Fíúsì ń jó nítorí pé gílóòbù wáàtì 21 méjì ń jẹ tó ámpíà 3 àti ààbọ̀, mágínẹ́ẹ̀tì méjì wá gbé ámpíà 6 lé e lórí, lórí ọ̀nà tí wọ́n ṣe fún gílóòbù nìkan. Kí ó tó di pé ẹ rí wáyà tí ó yọ́ lẹ́yìn ọkọ̀, ẹ tú u.

Ẹ ra kọ̀ntírólà. Wáyà mẹ́rin ni ó sábà máa ń ní: dúdú lọ sí pọ́sítíìfù bátìrì, kí fíúsì ámpíà 20 wà lára rẹ̀, funfun lọ tààrà sí nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì, kì í ṣe sí ara irin tí ó bá ṣáà sún mọ́ ọn, pupa lọ sí wáyà iná bíréèkì, láti fi mọ̀ pé ẹ ti tẹ bíréèkì, búlúù lọ sí ẹ̀yìn, sí wáyà búlúù tírélà. Ní ti púlọ́ọ̀gì tírélà fúnra rẹ̀, àṣà wọn lọ́hùn-ún ni pé kí wáyà píìnì méje náà jẹ́ funfun fún eétì, búlúù fún bíréèkì, aláwọ̀ ilẹ̀ fún iná alẹ́, òféèfèé fún tiráfíkétọ̀ òsì, aláwọ̀ ewé fún ti ọ̀tún, dúdú fún iná bátìrì, ìkeje sì wà fún iná ìfàsẹ́yìn. Ṣùgbọ́n tòkunbọ̀ ni, ọwọ́ púpọ̀ ti kàn án, nítorí náà kí ríwáyà fi mítà wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ó tó gba àwọ̀ rẹ̀ gbọ́.

Ní ti táyà tí ó ń gan láìtẹ bíréèkì, ẹ wo iwájú tírélà. Bátìrì kékeré kan yóò wà níbẹ̀ nínú àpótí, pẹ̀lú suíìṣì kan tí okùn irin tín-ínrín fi píìnì há lẹ́nu. Suíìṣì àjábọ́ nìyẹn: bí tírélà bá já kúrò lẹ́yìn ọkọ̀, okùn náà á fa píìnì jáde, bátìrì kékeré yẹn á sì rán iná sí mágínẹ́ẹ̀tì kí tírélà má baà sá lọ bá ẹlòmíràn. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà fún ọkọ̀ tí a fi ń ṣòwò ní kí bíréèkì náà lè wà ní mímú fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán. Bí ẹnì kan bá ti yọ píìnì sọnù, tàbí tí omi ti ba inú suíìṣì jẹ́, bíréèkì á máa mú títí bátìrì yóò fi kú, nígbà tí wáyà iná bátìrì bá sì ń gba ara ọkọ̀ bọ̀, kò ní kú bọ̀rọ̀. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, ẹ tú wáyà suíìṣì náà. Bí táyà bá sinmi, suíìṣì ni. Bí ó bá ṣì le, ọ̀rọ̀ kúrò ní ti iná, ẹ tú dúrọ́ọ̀mù kí ẹ wo sípíríǹgì àti láínì tí ó há.

Nígbà tí ẹ bá ti fi suíìṣì tuntun sí i, ẹ dán an wò pẹ̀lú púlọ́ọ̀gì ní yíyọ kúrò lára Hilux, kí iná bátìrì tírélà má baà padà wọ kọ̀ntírólà yín kí ó sì bà á jẹ́. Ẹ fi òkúta há táyà kan, ẹ fi jáàkì gbé èkejì, ẹ fa píìnì, kí ẹ sì gbìyànjú láti fi ọwọ́ yí táyà tí ó wà lókè: kò gbọdọ̀ yí. Ẹ dá píìnì padà, ó gbọdọ̀ yí wọ́ọ́rọ́. Ẹ ṣe bákan náà fún ẹ̀gbẹ́ kejì, kí ẹ sì gba iná sí bátìrì kékeré náà kí ó kún kí ẹ tó gbé ẹ̀rọ lọ sí òde tí ó kàn.